Láti Abẹ́òkúta dé òkè òkun: bí a ṣe ń ṣírò jíjìn ọ̀nà òfurufú àti iye wákàtí tí yóò gbà

Ìyá kan tí wọ́n ń ta àdìrẹ ní Ìtòkú, ní Abẹ́òkúta níhìn-ín, mú ìwé tíkẹ́ẹ̀tì ọmọ wọn wá bá mi ní oṣù Kìíní ọdún kan, pé kí n bá àwọn wò ó. New York ni ọmọ náà ń lọ. Ohun tí ìwé náà sọ ni pé bàálù yóò gbéra ní Ìkejà ní aago mọ́kànlá alẹ́, yóò sì balẹ̀ ní aago mẹ́rin kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ní ìdájí. Màmá fi ìka ọwọ́ kà á, wọ́n ní: "Wákàtí márùn-ún ó lé díẹ̀ péré? Ọmọ mi, èmi ti lò ju bẹ́ẹ̀ lọ rí láti Kútọ̀ níhìn-ín dé Ìkejà!" Kò sí àṣìṣe nínú kíkà wọn, ohun tí wọ́n kà ni kò ṣeé kà pọ̀. Aago Nàìjíríà ni bàálù fi ń gbéra, aago New York ni ó sì fi ń balẹ̀, bẹ́ẹ̀ a kò lè yọ ọ̀kan kúrò lára èkejì, gẹ́gẹ́ bí ẹnikẹ́ni kò ti lè yọ náírà kúrò lára dọ́là láìkọ́kọ́ ṣẹ́ ẹ. Wákàtí mọ́kànlá àti ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni ọmọ náà yóò lò lórí ìjókòó.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń kọ ọ̀nà ìṣirò yìí sílẹ̀ fún ẹni tó bá béèrè. Jíjìn láàárín ìlú méjì kò le láti mọ̀, nítorí pé ilẹ̀ kì í kúrò lójú kan. Àkókò ni ó máa ń tan ènìyàn jẹ, nítorí afẹ́fẹ́ òkè, nítorí aago ìlú tó yàtọ̀ síra, àti nítorí ọ̀nà orí ilẹ̀ tó wà láàárín ilé wa àti bàálù, èyí tí ọ̀pọ̀ kì í kà mọ́ ìrìnàjò rárá.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ mọ ibi tí ọ̀nà náà ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó parí sí

Ẹni tó bá béèrè pé "báwo ni Abẹ́òkúta ṣe jìnnà tó sí Lọ́ńdọ̀nù" ti béèrè ìbéèrè méjì papọ̀. Ìrìnàjò òkè òkun tí à ń sọ níhìn-ín, láti pápákọ̀ òfurufú Murtala Muhammed ní Ìkejà ni a ti ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Pápákọ̀ Gateway wà ní Ìpérú-Rẹ́mọ ní ìpínlẹ̀ tiwa, ṣùgbọ́n orúkọ ibi tí wọ́n kọ sórí tíkẹ́ẹ̀tì yín ni kí ẹ fi ṣe ìṣirò, kì í ṣe ibi tó súnmọ́ ilé yín jù. Nítorí náà, ẹ ya ọ̀nà Abẹ́òkúta sí Ìkejà sọ́tọ̀, kí ẹ sì ya ọ̀nà Ìkejà sí òkè òkun sọ́tọ̀.

Lẹ́tà mẹ́ta ni wọ́n fi ń dá pápákọ̀ kọ̀ọ̀kan mọ̀. LOS ni ti Ìkejà, ABV ni ti Àbújá, JED ni ti Jeddah, JFK sì ni ọ̀kan lára àwọn ti New York. Lọ́ńdọ̀nù nìkan ní ju ẹyọ kan lọ: LHR ni Heathrow tó wà ní ìwọ̀ oòrùn ìlú náà, LGW sì ni Gatwick tó wà ní gúúsù rẹ̀, níbi tí bàálù Air Peace ti bẹ̀rẹ̀ sí í balẹ̀ láti ọjọ́ 30 oṣù Kẹta ọdún 2024. Lójú òfurufú, ìyàtọ̀ àárín àwọn méjèèjì kò tó nǹkan. Ẹni tó ń bọ̀ wá pàdé yín ni yóò mọ̀ ọ́n lára bí ó bá lọ dúró sí èyí tí kì í ṣe ibi tí ẹ balẹ̀ sí. London mìíràn tún wà ní Kánádà, tó ní pápákọ̀ tirẹ̀, nítorí náà ẹ ka lẹ́tà mẹ́ta náà kí ẹ tó ka orúkọ ìlú.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ wá nọ́ńbà méjì tó dá ibi kọ̀ọ̀kan mọ̀

Kò sí ibì kan lórí ilẹ̀ ayé tí kò ní nọ́ńbà méjì. Èyí àkọ́kọ́ ni látítúdì, tó ń sọ bí ibẹ̀ ṣe jìnnà tó sí ìlà agbedeméjì ayé, ìbáà ṣe sí àríwá tàbí sí gúúsù. Èkejì ni lọ́ńgítúdì, tó ń sọ bí ó ṣe jìnnà tó sí ìlà tó gba Greenwich ní Lọ́ńdọ̀nù kọjá, ìbáà ṣe sí ìlà oòrùn tàbí sí ìwọ̀ oòrùn. Dígírì ni a fi ń wọn méjèèjì. Bí ẹ bá ṣí Google Maps lórí fóònù, tí ẹ fi ìka tẹ ibì kan mọ́lẹ̀ díẹ̀, àmì pupa kan yóò dúró síbẹ̀, nọ́ńbà méjèèjì yóò sì jáde.

Èyí ni díẹ̀ tí ẹ lè kọ sínú ìwé yín. Abẹ́òkúta wà ní 7.15 àríwá àti 3.35 ìlà oòrùn. Pápákọ̀ Ìkejà wà ní 6.58 àríwá àti 3.32 ìlà oòrùn. Ti Àbújá jẹ́ 9.01 àríwá àti 7.26 ìlà oòrùn. Heathrow jẹ́ 51.47 àríwá, ṣùgbọ́n 0.45 ìwọ̀ oòrùn ni lọ́ńgítúdì tirẹ̀. JFK jẹ́ 40.64 àríwá àti 73.78 ìwọ̀ oòrùn, Jeddah sì jẹ́ 21.68 àríwá àti 39.16 ìlà oòrùn.

Dígírì látítúdì kan jẹ́ nǹkan bí kìlómítà 111 níbikíbi tí a bá wà. Ti lọ́ńgítúdì kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ wo ọsàn tí a bó tí ojú ìlà rẹ̀ hàn: níbi ikùn ọsàn ni àwọn ìlà náà ti jìnnà síra jù, bí wọ́n sì ti ń gòkè lọ síbi ìdí igi rẹ̀ ni wọ́n ń súnmọ́ra títí wọn yóò fi pàdé. Bẹ́ẹ̀ ni lọ́ńgítúdì rí. Ní Ìkejà, dígírì kan ṣì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kìlómítà 111. Ní ìpele Lọ́ńdọ̀nù, kò ju bíi kìlómítà 69 lọ.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ ṣírò jíjìn náà

Bí ìlú méjèèjì bá wà nítòsí ara wọn, bíi Ìkejà àti Àbújá, ìṣirò onígun mẹ́ta tí a kọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ girama ti tó. Ìyàtọ̀ látítúdì wọn jẹ́ dígírì 2.43, èyí tó jẹ́ kìlómítà 270. Ìyàtọ̀ lọ́ńgítúdì jẹ́ 3.94, èyí tó jẹ́ nǹkan bí kìlómítà 433. Ẹ fi 270 sọ ara rẹ̀ di púpọ̀, ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún 433, ẹ ro méjèèjì pọ̀, kí ẹ sì wá gbòǹgbò rẹ̀. Nǹkan bí kìlómítà 510 ni yóò jáde.

Ṣùgbọ́n bí ìlú méjèèjì bá jìnnà síra gan-an, ìṣirò yẹn kò ní ṣiṣẹ́ mọ́, nítorí pé ayé kò tẹ́ pẹrẹsẹ. Máàpù tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ògiri kíláàsì ni ó ti ṣi ọ̀pọ̀ wa lọ́nà láti kékeré. Lórí irú máàpù bẹ́ẹ̀, Greenland máa ń fẹ́rẹ̀ẹ́ tóbi tó gbogbo Áfíríkà, bẹ́ẹ̀ ilẹ̀ Áfíríkà tóbi tó Greenland lọ́nà bíi mẹ́rìnlá. Ìlà tó ṣe tààrà lórí bébà kì í ṣe ọ̀nà tó kúrú jù lójú òfurufú. Ẹni tó bá fẹ́ fi ojú ara rẹ̀ rí i, kí ó mú àwòrán ayé rogodo tí wọ́n ń tà fún àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́, kí ó fi òwú ìránṣọ kan ìlú méjèèjì, kí ó sì fà á le dáadáa. Ibi tí òwú náà bá gbà ni ọ̀nà tó kúrú jù. Bí ẹ bá wọn òwú náà, tí ẹ tún wọn òwú mìíràn tó yí gbogbo rogodo náà ká, ẹ ti rí jíjìn, nítorí pé yíyí ayé ká jẹ́ nǹkan bí kìlómítà 40,000. Mo ti fi ọ̀nà yìí kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì kẹta, àṣìṣe wọn kì í sì í pọ̀ bí òwú náà kò bá jẹ́ èyí tó ń fà.

Ẹni tó fẹ́ iye tó ṣe déédéé yóò lo ẹ̀rọ ìṣirò tó ní sáìnì (bọ́tìnnì sin) àti kọ́sáìnì (bọ́tìnnì cos); ó wà nínú ọ̀pọ̀ fóònù bí ẹ bá yí i dùbúlẹ̀. Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ rí i dájú pé DEG, ìyẹn dígírì, ni ó kọ lójú rẹ̀, kì í ṣe RAD, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ iye tí yóò gbé jáde kò ní jọ ohunkóhun. Ẹ wá ṣe báyìí, kí a fi Ìkejà àti Heathrow ṣe àpẹẹrẹ.

Ẹ kọ́kọ́ wá sáìnì látítúdì méjèèjì. Ti 6.58 jẹ́ 0.1146, ti 51.47 sì jẹ́ 0.7823. Ẹ sọ wọ́n di púpọ̀ papọ̀, yóò jẹ́ 0.0896. Ẹ tọ́jú èyí sí ẹ̀gbẹ́ kan.

Ẹ wá kọ́sáìnì látítúdì méjèèjì, èyí tó jẹ́ 0.9934 àti 0.6229. Lẹ́yìn náà, ẹ wá ìyàtọ̀ lọ́ńgítúdì. Nítorí pé Ìkejà wà ní ìlà oòrùn Greenwich, tí Heathrow sì wà ní ìwọ̀ oòrùn rẹ̀, ríròpọ̀ ni a óò ro wọ́n pọ̀, a kò ní yọ ọ̀kan kúrò: 3.32 àti 0.45 jẹ́ 3.77. Kọ́sáìnì 3.77 jẹ́ 0.9978. Ẹ sọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta di púpọ̀ papọ̀, yóò jẹ́ 0.6174.

Ẹ wá ro 0.0896 àti 0.6174 pọ̀, kí ó jẹ́ 0.7070, kí ẹ sì tẹ bọ́tìnnì cos⁻¹. Dígírì 45 ni yóò jáde. Dígírì kọ̀ọ̀kan lórí ọ̀nà tó kúrú jù yìí jẹ́ kìlómítà 111.2, nítorí náà 45 lọ́nà 111.2 jẹ́ nǹkan bí kìlómítà 5,000. Ó dùn mọ́ mi nígbà tí mo kọ́kọ́ ṣe é, nítorí pé 45 jẹ́ ìdá mẹ́jọ 360 gẹ́lẹ́: bí ẹ bá lọ láti Ìkejà sí Heathrow, ẹ ti rin ìdá kan nínú mẹ́jọ yíyí ayé ká.

Bí ọ̀kan nínú àwọn ìlú náà bá wà ní gúúsù agbedeméjì ayé, ẹ fi àmì ìyọkúrò sí iwájú látítúdì rẹ̀. Johannesburg jẹ́ 26.13 gúúsù àti 28.24 ìlà oòrùn. Ẹni tó bá fi −26.13 sínú ìṣirò yóò rí nǹkan bí kìlómítà 4,520 láti Ìkejà. Ẹni tó bá gbàgbé àmì náà yóò mú Johannesburg lọ sí àríwá, síhà Íjíbítì. Fún ìyókù, Ìkejà sí Jeddah jẹ́ nǹkan bí 4,200, Ìkejà sí JFK sì jẹ́ nǹkan bí 8,440.

Ẹni tí kò fẹ́ wàhálà ìṣirò lè jẹ́ kí Google Maps wọ̀n ọ́n fún un: lẹ́yìn tí àmì pupa bá ti dúró, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ "Measure distance" sí, kí ẹ sì fa máàpù náà lọ sí ìlú kejì. Ṣùgbọ́n ó dára kí a mọ ohun tí ẹ̀rọ náà ń ṣe, nítorí pé ibi tí àwọn ènìyàn ti ń ṣi iye mú ni orúkọ ìwọ̀n. Fún Ìkejà sí Lọ́ńdọ̀nù, ẹ lè rí 5,000 ní ibì kan, 3,100 ní ibòmíràn, àti 2,700 ní ibi kẹta, kí ẹ rò pé irọ́ ni ọ̀kan ń pa. Òótọ́ ni gbogbo wọn ń sọ: kìlómítà ni àkọ́kọ́, máìlì ojú ọ̀nà tó jẹ́ mítà 1,609 ni èkejì, ẹ̀kẹta sì ni máìlì ojú omi tó jẹ́ mítà 1,852, èyí tí àwọn awakọ̀ òfurufú ń lò.

Ó kù díẹ̀ kí n kúrò lórí jíjìn. Abẹ́òkúta wà ní àríwá Ìkejà, Lọ́ńdọ̀nù náà sì wà ní àríwá Ìkejà. Bí ẹ bá fa òwú láti Ìkejà lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, ẹ̀gbẹ́ ìlú wa níhìn-ín ni yóò gbà kọjá. Ìyẹn ni pé ará Abẹ́òkúta tó ń lọ sí Lọ́ńdọ̀nù yóò kọ́kọ́ kẹ̀yìn sí ibi tó ń lọ, yóò rin kìlómítà 63 ní ìwọ̀n òwú, èyí tó ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa lórí títì, kí bàálù tó tún gbé e padà síhà Olúmọ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹ sọ kìlómítà di wákàtí

Bàálù ńlá tó ń lọ sí òkè òkun máa ń sáré tó nǹkan bí kìlómítà 900 ní wákàtí kan nígbà tó bá ti dúró sí ipele rẹ̀, ní kìlómítà mẹ́wàá sí méjìlá lókè orí wa. Ṣùgbọ́n kì í sá bẹ́ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ó ń rìn nílẹ̀ kó tó gbéra, ó ń gòkè díẹ̀díẹ̀, ó tún ń fa ìyára sẹ́yìn nígbà tó bá ń sọ̀kalẹ̀, nígbà mìíràn a sì ní kí ó máa yípo lókè títí àyè yóò fi ṣí sílẹ̀. Àkókò tí wọ́n ń kọ sórí tíkẹ́ẹ̀tì bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà tí bàálù bá kúrò níbi ìgúnlẹ̀ rẹ̀ títí di ìgbà tó bá dúró jẹ́ẹ́ ní ibi tó ń lọ.

Nítorí náà, ìlànà tí mo ń lò ni pé kí a fi 850 pín iye kìlómítà, kí a sì fi ìṣẹ́jú márùndínlógójì kún un. Fún Lọ́ńdọ̀nù, 5,000 tí a fi 850 pín jẹ́ nǹkan bí wákàtí márùn-ún àti ìṣẹ́jú mẹ́tàléláàádọ́ta. Bí a bá fi àfikún náà sí i, ó di nǹkan bí wákàtí mẹ́fà àbọ̀, èyí tí kò jìnnà sí ohun tí ẹ óò rí lórí tíkẹ́ẹ̀tì. Fún Àbújá, ó di wákàtí kan ó lé díẹ̀. Ẹ ṣàkíyèsí pé ní ti Àbújá, ìdajì àkókò ni àfikún yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́, nígbà tí kò tó ìdá mẹ́wàá ní ti Lọ́ńdọ̀nù. Ìdí nìyẹn tí ènìyàn kò fi gbọdọ̀ mú àkókò Àbújá kó fi ṣe òṣùwọ̀n fún ìlú tó jìnnà. Fún Johannesburg, ìlànà náà fún wa ní wákàtí mẹ́fà dín díẹ̀. Fún Jeddah, wákàtí márùn-ún àbọ̀. Fún New York, wákàtí mẹ́wàá àbọ̀.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ẹ fi afẹ́fẹ́ àti ìyípo ọ̀nà kún un

Iye ti New York yìí kò tíì pé. Lókè réré, ní ìpele tí bàálù ń fò, ìṣàn afẹ́fẹ́ líle kan wà tó máa ń fẹ́ láti ìwọ̀ oòrùn sí ìlà oòrùn, pàápàá ní àríwá ayé níbi tí òtútù àti ooru ti ń pàdé. Nígbà òtútù wọn, ìyára rẹ̀ lè ju kìlómítà 200 lọ ní wákàtí kan. Ẹ ronú nípa ọkọ̀ ojú omi lórí Odò Ògùn nígbà tó kún: ẹni tó ń bá ìṣàn lọ kò ní wa ọkọ̀ púpọ̀, ẹni tó ń dojú kọ ọ́ ni yóò làágùn. Bàálù tó ń lọ sí Amẹ́ríkà ń dojú kọ ìṣàn yìí, nítorí náà wákàtí mẹ́wàá àbọ̀ náà máa ń di mọ́kànlá ó lé. Èyí tó ń bọ̀ wálé ń bá a bọ̀, ó sì máa ń súnmọ́ wákàtí mẹ́wàá. Ọ̀nà Lọ́ńdọ̀nù kò ní irú ìyàtọ̀ yìí púpọ̀, nítorí pé láti gúúsù sí àríwá ni ó ń lọ, ẹ̀gbẹ́ ni afẹ́fẹ́ náà sì ti ń lù ú ní lílọ àti ní bíbọ̀.

Ohun kejì ni pé bàálù kì í fìgbà gbogbo tẹ̀lé òwú. Orílẹ̀-èdè kan lè ti ojú òfurufú rẹ̀. Nígbà tí àwọn ológun gba ìjọba ní Niger, wọ́n ti ojú òfurufú ibẹ̀ láti ọjọ́ 6 oṣù Kẹjọ títí di ọjọ́ 4 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2023, àwọn bàálù tó ń lọ láàárín Yúróòpù àti apá púpọ̀ nínú Áfíríkà sì ní láti yí ọ̀nà ká. Àwọn tó ń lọ sí Mẹ́kà láti ọ̀dọ̀ wa mọ èyí dáadáa: òwú tí a bá fà láti Ìkejà sí Jeddah gba orí Sudan kọjá, ṣùgbọ́n láti ìgbà tí ogun ti bẹ́ sílẹ̀ níbẹ̀ ní oṣù Kẹrin ọdún 2023, bàálù àwọn alálàájì ní láti gba ibòmíràn, ìrìnàjò Hájì ọdún náà sì gùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Bí iye orí tíkẹ́ẹ̀tì bá fi wákàtí kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ju ìṣirò yín, ẹ wo ilẹ̀ tí òwú yín gbà kọjá kí ẹ tó rò pé ìṣirò yín ni kò tọ̀nà.

Bí bàálù kò bá lọ tààrà, ẹ ṣírò apá kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, kí ẹ sì fi àfikún ìṣẹ́jú márùndínlógójì sí apá kọ̀ọ̀kan. Láti Ìkejà sí Istanbul jẹ́ nǹkan bí kìlómítà 4,600, láti ibẹ̀ sí Heathrow sì jẹ́ nǹkan bí 2,490. Àròpọ̀ rẹ̀ ju 7,000 lọ. Wákàtí mẹ́fà, àti wákàtí mẹ́ta àbọ̀, àti wákàtí mẹ́ta tí ẹ bá fi jókòó láàárín wọn, jẹ́ wákàtí méjìlá àbọ̀ dípò mẹ́fà àbọ̀. Owó rẹ̀ lè dín kù lóòótọ́. Ẹni tó mú ọmọ kékeré dání ni kó sọ bóyá ó dín kù.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: ẹ fi aago kan ṣoṣo kà á

Ibi tí Màmá oníàdìrẹ ti ṣìnà nìyí, kì í sì í ṣe àwọn nìkan. Ayé ń yí dígírì 360 ní wákàtí mẹ́rìnlélógún, ìyẹn dígírì mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ní wákàtí kan, nítorí náà ìlú tó wà ní ìlà oòrùn wa máa ń ṣáájú wa nínú aago, èyí tó wà ní ìwọ̀ oòrùn sì máa ń wà lẹ́yìn wa. Nàìjíríà fi wákàtí kan ṣáájú aago Greenwich jálẹ̀ ọdún. Johannesburg fi wákàtí kan ṣáájú wa, Jeddah fi méjì ṣáájú wa, Dubai fi mẹ́ta ṣáájú wa, wọn kì í sì í yí i padà.

Àwọn tó ń yí aago padà ni kí ẹ ṣọ́ra fún. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti ọjọ́ Àìkú tó kẹ́yìn nínú oṣù Kẹta títí di ọjọ́ Àìkú tó kẹ́yìn nínú oṣù Kẹwàá, aago wọn bá tiwa mu gẹ́lẹ́. Ní ìyókù ọdún, wọ́n fi wákàtí kan wà lẹ́yìn wa. Ní New York, wákàtí mẹ́fà ni wọ́n fi wà lẹ́yìn wa nígbà òtútù, ó sì ń di márùn-ún láti ọjọ́ Àìkú kejì oṣù Kẹta títí di ọjọ́ Àìkú àkọ́kọ́ oṣù Kọkànlá. Bí ẹ bá wò ó dáadáa, ẹ óò rí i pé ọ̀sẹ̀ díẹ̀ wà nínú oṣù Kẹta tí Amẹ́ríkà ti yí aago tirẹ̀ padà, tí Gẹ̀ẹ́sì kò tíì yí tirẹ̀.

Ọ̀nà tí kì í jẹ́ kí n ṣìnà ni pé mo máa ń fi aago Nàìjíríà ka gbogbo ìrìnàjò títí dé òpin, kí n tó yí aago ìbalẹ̀ nìkan sí ti ìlú náà. Bàálù gbéra ní Ìkejà ní aago mẹ́wàá àbọ̀ alẹ́. Wákàtí mẹ́fà àbọ̀ lẹ́yìn náà, aago márùn-ún ìdájí ni lọ́dọ̀ wa. Ní oṣù Keje, aago márùn-ún náà ni ní Lọ́ńdọ̀nù. Ní oṣù Kìíní, aago mẹ́rin ni. Bí ẹ bá fẹ́ mọ iye wákàtí láti inú tíkẹ́ẹ̀tì, ẹ ṣe é sẹ́yìn: ẹ sọ aago ìbalẹ̀ di aago Nàìjíríà, kí ẹ tó yọ aago ìgbéra kúrò. Ti ọmọ Màmá, aago mẹ́rin kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ní New York ní oṣù Kìíní jẹ́ aago mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún àárọ̀ ní Abẹ́òkúta. Láti aago mọ́kànlá alẹ́ sí ìgbà náà, ẹ kà á. Bí ẹ bá rí "+1" lẹ́gbẹ̀ẹ́ aago ìbalẹ̀, ọjọ́ kejì ni ó ń sọ.

Òru ni ó léwu jù. Àbúrò mi kan ní tíkẹ́ẹ̀tì tó kà pé 00:30 ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ó dé Ìkejà ní aago mẹ́sàn-án alẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ó ro pé òun tètè dé. Bàálù rẹ̀ ti lọ láti nǹkan bí wákàtí mọ́kànlélógún sẹ́yìn, nítorí pé 00:30 ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni ohun tí àwa ń pè ní òru ọjọ́ Ajé. Bí aago ìgbéra yín bá bọ́ sáàárín 00:00 àti 04:00, ọjọ́ tó ṣáájú ni kí ẹ kúrò nílé.

Ìgbésẹ̀ keje: ẹ ka ọ̀nà ilé mọ́ ọn

Wọ́n máa ń fẹ́ kí èrò òkè òkun dé pápákọ̀ ní wákàtí mẹ́ta ṣáájú ìgbéra. Káńtà tí wọ́n ti ń gba ẹrù sábà máa ń tì ní nǹkan bí wákàtí kan ṣáájú, kì í ṣe ìgbà tí bàálù bá gbéra. Ohun tó kù ni bí ẹ óò ṣe débẹ̀ láti Abẹ́òkúta. Ẹni tó bá gba Ìfọ̀ àti Sango kọjá ń rin ọ̀nà tó kúrú, ṣùgbọ́n súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Sango lè sọ ọ́ di ọ̀nà tó gùn jù. Ẹni tó bá gba Sìún jáde sí ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn yóò rin kìlómítà púpọ̀ sí i, kó tó bá Mówè àti Ìbàfò pàdé. Ọkọ̀ ojú irin náà wà, tí a ń wọ̀ ní ibùdó Ọ̀jọ̀gbọ́n Wọlé Ṣóyínká ní Láderin, tí a sì lè sọ̀ ní Agége, tí kò jìnnà sí Ìkejà. Èmi fẹ́ràn rẹ̀ nítorí pé kì í bá Sango jà, àmọ́ ẹ gbọ́dọ̀ mọ wákàtí tó ń kọjá kí ẹ tó gbára lé e, torí pé kì í kọjá léraléra.

Wákàtí méjì ni mo ń kà fún ọ̀nà títì ní ọjọ́ tó dára, ṣùgbọ́n mẹ́rin ni mo ń kọ sílẹ̀ fún ẹni tó ní bàálù láti bá. Kìlómítà 63 ní ìwọ̀n òwú kò tó ìdá kan nínú àádọ́rin ọ̀nà Lọ́ńdọ̀nù, bẹ́ẹ̀ ó lè gba ju ìdajì àkókò tí bàálù yóò fi fò lọ. Fún bàálù aago mẹ́wàá àbọ̀ alẹ́, ẹ kúrò ní Kútọ̀ ní aago mẹ́ta ọ̀sán. Bí ọ̀nà bá já gaara, ẹ óò jókòó dúró. Bí kò bá já, ẹ óò dé ní aago méje, káńtà yóò sì ṣì wà ní ṣíṣí. Bàálù yóò balẹ̀ ní aago márùn-ún ìdájí ní aago wa. Ẹ fi wákàtí kan àbọ̀ sí i fún ìlà àwọn tó ń yẹ ìwé ìrìnnà wò àti ìdúró fún ẹrù, kí ẹ tún fi wákàtí kan sí i láti wọ inú ìlú. Láti Kútọ̀ dé ẹnu ọ̀nà ilé tí ẹ ń lọ, ó jẹ́ nǹkan bí wákàtí mẹ́rìndínlógún àbọ̀, mẹ́fà àbọ̀ péré nínú rẹ̀ sì ni ẹ lò lójú òfurufú.

Bíbọ̀ wálé ni ẹ ó ṣírò fún ẹni tó ń lọ pàdé èrò. Bí bàálù bá kúrò ní New York ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ní oṣù Kìíní, aago mẹ́wàá alẹ́ ni lọ́dọ̀ wa. Ẹ fi wákàtí mẹ́wàá kún un, ó di aago mẹ́jọ àárọ̀ ọjọ́ kejì ní Ìkejà. Èrò kì í sábà jáde síta kí wákàtí kan tó kọjá lẹ́yìn ìbalẹ̀, nítorí náà ẹni tó ń lọ pàdé rẹ̀ lè kúrò ní Abẹ́òkúta ní aago mẹ́fà àárọ̀, tàbí aago márùn-ún bí ó bá jẹ́ ọjọ́ Ajé.